Èèpo Obì, Fàdákà àti Omi Odò

Bàbá Rísì, ìbéèrè yín ju ohun tí èèyàn lè dáhùn lórí ìdúró lọ. Ẹ ní oníbàárà yín kan sọ fún yín pé wọ́n ti rí ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí ògiri bu lásìkò òjò, pé èèpo obì ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ wá ní, bó bá jẹ́ èèpo obì ni, kí ló dé tí àwọn onímọ̀ tún ń dán an wò lára ẹja àti àlùbọ́sà? Ṣebí obì là ń jẹ lójoojúmọ́.

Òótọ́ wà nínú ohun tí wọ́n sọ fún yín. Ní Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí gbogbo wa mọ̀ sí LAUTECH, Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbaje Lateef àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde ní 2016 lórí èèpo obì gbànja, èyí tí àwọn àgbẹ̀ máa ń kó dànù sínú oko lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ obì kúrò nínú rẹ̀. Omi èèpo yìí ni wọ́n fi ṣe èérún fàdákà, wọ́n sì pò ó mọ́ ọ̀dà láti mọ̀ bóyá á lè dènà kòkòrò àìfojúrí. Wọ́n ti fi èèpo kòkó náà ṣe é, èyí tí àwọn ìyá wa ń sun di eérú fún ọṣẹ dúdú. Àní wọ́n ti fi ilé aláǹtakùn ṣe é rí. Oníbàárà yín kò parọ́, ó kàn fo ọ̀rọ̀ kan ni: fàdákà. Fàdákà ló ń bá kòkòrò jà lára ògiri. Èèpo obì ni wọ́n fi sọ fàdákà náà di èérún.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á fọ èèpo náà, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á gbé e kaná pẹ̀lú omi, wọ́n á sì sẹ́ ẹ. Omi tó bá kù kún fún àwọn èròjà tó ń mú kí obì korò lẹ́nu, pẹ̀lú ṣúgà àti purotéènì. Lọ́tọ̀, wọ́n á po silver nitrate mọ́ omi. Iyọ̀ fàdákà ni èyí: bó bá ti kan omi, fàdákà inú rẹ̀ á yòrò tán, omi náà á sì mọ́ gaara. Ohun tó jẹ́ kó yòrò ni pé ẹyọ fàdákà kọ̀ọ̀kan ti pàdánù ọ̀kan nínú àwọn ohun tíntìntín ara rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní electron, kálukú wọn sì ń dá rìn káàkiri inú omi. Fàdákà tó bá wà nípò bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní ion. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sọ́kàn, torí ọwọ́ rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ wa yìí wà.

Tí wọ́n bá da omi èèpo obì sí i, àwọn èròjà inú rẹ̀ á fún fàdákà ní electron tó sọnù. Fàdákà tó bá gba electron rẹ̀ padà kò ní lè dá rìn mọ́. Á lẹ̀ mọ́ èkejì, àwọn méjèèjì á lẹ̀ mọ́ òmíràn, títí wọ́n á fi di èérún. Kí èérún náà tó tóbi jù, èròjà ara èèpo obì á ti bò ó lára, kò ní jẹ́ kó dàgbà sí i, kò sì ní jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Omi tó mọ́ gaara á wá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, á di yẹ́lò, á di búráùn. Ojú lásán ni wọ́n fi ń rí i pé iṣẹ́ ti ń lọ, kó tó di pé wọ́n gbé e síwájú ẹ̀rọ.

Nànómítà ni wọ́n fi ń wọn àwọn èérún yìí. Ẹ pín mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan: ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni nànómítà. Ohunkóhun tí ìbú rẹ̀ bá wà láàárín nànómítà 1 sí 100 ni wọ́n ń pè ní nánò.

Ògbómọ̀ṣọ́ kọ́ ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2002, Jorge Gardea-Torresdey àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì kan ní El Paso, ní Texas, fi hàn pé koríko alfalfa tí wọ́n gbìn síbi tí wúrà wà lè kó wúrà náà jọ sára ní èérún nánò. Ní 2004, àwọn onímọ̀ ní Pune, ní Íńdíà, fi omi ewé dóńgóyárò ṣe èérún wúrà àti ti fàdákà láàárín wákàtí díẹ̀. Láti ìgbà náà, ó ṣòro kí ewé kan wà ní ọjà ẹlẹ́wé-ọmọ tí ẹnì kan kò tíì sè fún iṣẹ́ yìí ní ibì kan láyé.

Ìdí tí wọ́n fi yà sídìí ewé yé mi, ó sì dára. Ṣáájú ìgbà náà, kẹ́míkà bíi sodium borohydride àti hydrazine ni wọ́n sábà máa ń lò láti dá electron padà fún fàdákà. Májèlé ni hydrazine, kò sì yẹ kí èèyàn fà á símú. Omi tí wọ́n fi se èèpo obì kò lè ṣe ẹni tó ń pò ó ní nǹkan kan. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù bọ́ lọ́wọ́ ewu kan, èèpo tí ì bá jẹrà sínú oko rí ìlò, owó kékeré ló sì ń náni. Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mò ń bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n.

Ṣùgbọ́n ìdáàbòbò yẹn kò kọjá ẹnu ọ̀nà láàbù. Bí a bá ti rọ èérún náà sínú ìgò, fàdákà ló wà níbẹ̀, ìlànà tó ń darí fàdákà níbi gbogbo ló sì máa darí rẹ̀. Wíwa fàdákà jáde látinú ilẹ̀ kò yí padà nítorí pé obì la fi ṣe é. Ní 2014, àwọn onímọ̀ kan ní Virginia Tech ní Amẹ́ríkà jókòó ṣírò agbára tó ń lọ sídìí ṣíṣe èérún wúrà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì rí i pé ọ̀dọ̀ wúrà fúnra rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá. Ohun yòówù kí wọ́n fi sọ ọ́ di èérún, ìyàtọ̀ tó ń mú wá kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ti pé ohun kan wá láti ara ewé náà kò tó ẹ̀rí. Ẹ mọ ohun tí omi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fún ń ṣe fún ewúrẹ́ tó bá lọ mu ún.

Kí ló wá dé tí fàdákà tó ń bẹ lọ́rùn àwọn ìyàwó wa kì í ṣe wọ́n ní nǹkan, tí èérún rẹ̀ fi ń dẹ́rù bani? Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣírò kan fún yín, ẹ̀yin tí ẹ ń wọn ògiri kẹ́ ẹ tó ra ọ̀dà. Ká ní fàdákà kan wà tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga. Ojú mẹ́fà ló ní. Àpapọ̀ gbogbo ojú rẹ̀ kò ju square centimetre 6 lọ, èékánná àtàńpàkò mélòó kan ti bò ó. Tí ẹ bá gé fàdákà yẹn kan náà sí èérún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nànómítà 10, tí ẹ sì tẹ́ gbogbo ojú wọn kalẹ̀, ó máa tó square metre 600. Púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 kò tó o. Fàdákà kò pọ̀ sí i. Ibi tí omi àti afẹ́fẹ́ ti lè kàn án ló pọ̀ sí i. Ibi tí omi àti afẹ́fẹ́ bá sì ti kan fàdákà, ó máa ń yòrò díẹ̀díẹ̀ padà sí ion.

Ion yìí ló ń pa kòkòrò. Ó fẹ́ràn imí-ọjọ́, imí-ọjọ́ sì wà nínú ọ̀pọ̀ purotéènì tí ẹ̀dá alààyè fi ń mí tó sì fi ń ṣiṣẹ́. Tó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, purotéènì náà dẹnu iṣẹ́ kọlẹ̀. Ohun tó ṣe bakitéríà yẹn, ó lè ṣe é fún ẹlòmíràn. Ẹja inú odò tí kò níyọ̀ ní láti máa fa ìwọ̀nba iyọ̀ tó wà nínú omi sára nígbà gbogbo, ibi tó ti ń mí ló sì ń gbà fà á. Ion fàdákà máa ń dí ọ̀nà yẹn pa. Ẹja náà á máa pàdánù iyọ̀ ara rẹ̀ títí á fi kú. Nínú omi òkun, ọ̀rọ̀ náà rọrùn díẹ̀, torí iyọ̀ tó pọ̀ níbẹ̀ máa ń so fàdákà mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ìwọ̀n fàdákà tí ọ̀sà fara dà lè jẹ́ ìdààmú fún odò tó ń ṣàn lẹ́yìn oko.

Èérún tún ní ọgbọ́n mìíràn tí ion nìkan kò ní. Sẹ́ẹ̀lì máa ń gbé e mì lódindi, láìfura, bó ṣe ń gbé oúnjẹ mì. Nínú sẹ́ẹ̀lì, ibì kan wà tí omi rẹ̀ kan, tó wà fún jíjẹ ohun tí sẹ́ẹ̀lì bá gbé mì kó dà. Ibẹ̀ ni èérún náà á ti wá yòrò, tí ion á sì máa tú jáde láti inú wá.

Ohun tí èèpo obì lè yí padà ni aṣọ tó wọ èérún lára. Ohun tó bò ó yìí lè mú kí yíyòrò rẹ̀ falẹ̀, ó lè mú kó yá, ó lè mú kí sẹ́ẹ̀lì tètè gbà á wọlé tàbí kó kọ̀ ọ́. Kò sí ẹni tó lè fẹnu lásán sọ èwo ni yóò ṣẹlẹ̀. Èyí tí a fi èèpo obì ṣe lè yàtọ̀ sí èyí tí a fi dóńgóyárò ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fàdákà kan náà ni. Èèpo obì tí wọ́n kó nígbà òjò kò sì ní èròjà kan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n kó nínú ọyẹ́. Ti inú oko Ọ̀gbẹ́ni A lè yàtọ̀ sí ti aládùúgbò rẹ̀. Kẹ́míkà inú ìgò máa ń ṣe ohun kan náà lónìí àti lọ́dún tó ń bọ̀. Ewé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, èyí ni ìṣòro tó tóbi jù nínú iṣẹ́ yìí, bẹ́ẹ̀ òun ni ẹnu wọn kì í sábà gbà sọ.

Nǹkan mìíràn tún wà tó máa ń fi àwọn oníṣẹ́ tó kánjú hàn. Ó ṣọ̀wọ́n kí gbogbo silver nitrate tí wọ́n dà sínú ìkòkò di èérún tán. Èyí tó ṣẹ́kù ṣì wà nínú omi náà ní ion. Tí ẹni náà kò bá fọ èérún rẹ̀ dáadáa, tó wá bu omi náà lé bakitéríà lórí, tí bakitéríà kú, ta ló pa á? Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á gbé abọ́ mẹ́rin kalẹ̀: ọ̀kan fún èérún tí wọ́n ti fọ̀, ọ̀kan fún silver nitrate nìkan, ọ̀kan fún omi èèpo obì nìkan, ọ̀kan fún omi tí wọ́n fi ẹ̀rọ yọ gbogbo èérún kúrò nínú rẹ̀. Ìwé tí kò bá ní abọ́ kẹrin yẹn, èmi kì í fi ọkàn tán an.

Ẹ wá bi mí léèrè àlùbọ́sà. Mo fẹ́ràn àyẹ̀wò yẹn, torí kò gba owó, kò gba ẹ̀mí ẹranko, ó sì ń sọ òótọ́. Albert Levan ní Sweden ló kọ́kọ́ lo gbòǹgbò àlùbọ́sà bẹ́ẹ̀ ní 1938. Ní 1985, Geirid Fiskesjö, láti Sweden kan náà, kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àyẹ̀wò tí gbogbo ayé lè máa fi wo ohun tó ń ba àyíká jẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Wọ́n á wá àlùbọ́sà kéékèèké, wọ́n á họ gbòǹgbò gbígbẹ ìdí wọn kúrò, wọ́n á gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ẹnu ife omi tí ìdí rẹ̀ á fi kan omi. Omi ife kan mọ́ pátápátá. Èérún fàdákà díẹ̀ wà nínú ìkejì, ó pọ̀ díẹ̀ sí i nínú ìkẹta, bẹ́ẹ̀ lọ títí. Silver nitrate lásán wà nínú òmíràn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, gbòǹgbò funfun á ti yọ, wọ́n á wọn gígùn rẹ̀. Èyí nìkan ti sọ nǹkan: níbi tí omi bá ti ní májèlé, gbòǹgbò máa ń kúrú, nígbà mìíràn orí rẹ̀ á dúdú tàbí kó ká kò.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni iṣẹ́ gan-an wà. Orí gbòǹgbò ni sẹ́ẹ̀lì ti ń pín sí méjì láìsinmi. Bí gbòǹgbò ṣe ń gùn nìyẹn. Wọ́n á gé ibẹ̀, wọ́n á pa á láró, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ sáàárín gíláàsì méjì, wọ́n á sì gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Krómósóòmù 16 ni àlùbọ́sà ní, wọ́n sì tóbi, kò ṣòro láti rí wọn. Krómósóòmù ni okùn tíntìntín tó gbé àbùdá gbogbo ohun alààyè. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì tó ní ìlera bá fẹ́ pín, àwọn okùn yìí á tò sí àárín, wọ́n á ya sí méjì, apá kan á lọ sókè, apá kan á lọ sísàlẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì tí nǹkan ti bá jà, ẹ máa rí okùn tó lẹ̀ mọ́ra wọn ṣìkìtì, èyí tó dúró sẹ́yìn nígbà tí àwọn yòókù ti lọ, èyí tó nà gbọọrọ láti apá kan dé èkejì tí kò fẹ́ já. Wọ́n á kà wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: nínú ẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì, mélòó ló ń pín, mélòó ló ní àbùkù?

Àwọn ará LAUTECH yìí náà ló fi àlùbọ́sà yẹ èérún tí wọ́n fi obì ṣe wò, àti èyí tí wọ́n fi kòkó ṣe. Iṣẹ́ méjèèjì jáde ní 2017. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn nítorí ìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìwé tí mo kà lórí ọ̀rọ̀ yìí kò kọjá pé èérún wa pa kòkòrò báyìí báyìí, wọ́n á sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò léwu, láìdán an wò lára ohun alààyè kankan yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fẹ́ pa. Ohun tí àlùbọ́sà sì máa ń sọ nípa èérún fàdákà ni pé ìwọ̀n ló ń pinnu. Bó bá kéré gan-an, gbòǹgbò lè má mọ̀ ọ́n lára. Bó bá ṣe ń pọ̀ sí i ni sẹ́ẹ̀lì tó ń pín ń dín kù, tí àbùkù okùn ń pọ̀ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ ewé la fi ṣe é.

Àlùbọ́sà ni ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Daphnia, kòkòrò omi kékeré kan tí fàdákà máa ń tètè pa, àti ẹyin ẹja zebrafish, tó mọ́ gaara débi pé èèyàn ń wo ọkàn ọmọ inú rẹ̀ bó ṣe ń lù. Lẹ́yìn wọn ni sẹ́ẹ̀lì èèyàn nínú abọ́, ká tó dé ọ̀dọ̀ eku. Ibi tí èérún bá ti gba gbogbo ẹnu ọ̀nà yìí kọjá la tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ọjà.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà wá dé, èyí tó kàn yín jù. Ní Switzerland, àwọn onímọ̀ kan fi ọ̀dà tó ní èérún fàdákà kun ara ògiri níta, wọ́n sì ń gbe omi òjò tó ń ṣàn bọ́ láti ara rẹ̀ fún ọdún kan. Wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010. Fàdákà tó bá òjò lọ ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ láàárín ọdún kan yẹn, àwọn òjò ìbẹ̀rẹ̀ ló sì kó èyí tó pọ̀ jù lọ. Òjò ti ìlú òyìnbó nìyẹn o. Ẹ fojú inú wo ti oṣù Òkúdù níbí. Ọ̀dà yẹn kì í ṣe ti ewé, ṣùgbọ́n èèpo obì kì í ṣe gọ́ọ̀mù tó lè di fàdákà mú sára ògiri.

Bákan náà ni ti aṣọ. Ní 2008, àwọn onímọ̀ méjì ní Arizona ra ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi fàdákà sí kó má baà rùn, wọ́n sì ń fọ̀ ọ́. Fàdákà inú àwọn kan nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi lọ tán láàárín ìfọ̀ mélòó kan.

Ibo ló ń lọ? Ìròyìn rere wà níbí. Ẹ ti rí ẹ̀gbà fàdákà tó dúdú nígbà tí wọn ò wọ̀ ọ́ pẹ́. Imí-ọjọ́ inú afẹ́fẹ́ ló so mọ́ ọn. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀ àti omi ìdọ̀tí: èérún fàdákà máa ń so pọ̀ mọ́ imí-ọjọ́ ibẹ̀, èyí tó bá sì di bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ yòrò mọ́, oró rẹ̀ á rọlẹ̀ gan-an. Ní àwọn ìlú tí gbogbo omi ìdọ̀tí ń gba ilé ìfọmi kọjá, ọ̀pọ̀ fàdákà ń dúró sínú ẹrọ̀fọ̀ ibẹ̀. Ní tiwa, láti gọ́tà, ó di odò.

Ní Kánádà, wọ́n ní àwọn adágún odò kan ní ìwọ̀-oòrùn àríwá Ontario tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú ìdánwò tí èèyàn kò lè ṣe nínú ife. Ní 2014 àti 2015, wọ́n ń da èérún fàdákà díẹ̀díẹ̀ sínú ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Adágún 222, bíi kílógíráàmù 15 lápapọ̀. Èérún tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe ni. Nínú lítà omi kan, máíkírógíráàmù díẹ̀ ló ń wà níbẹ̀, ìwọ̀n tí ojú àti ahọ́n kò lè mọ̀. Síbẹ̀, fàdákà náà wọ inú ẹ̀dọ̀ ẹja ńlá tó ń jẹ ẹja ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn ẹja kéékèèké tí wọ́n ń pè ní yellow perch sì dín kù nínú adágún náà. Kì í ṣe pé ẹja kú lọ bẹẹrẹ sórí omi lọ́jọ́ kan tí gbogbo èèyàn á fi figbe ta. Wọ́n kàn ń dín kù ni. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí pẹ̀lú iṣẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ni pé wọ́n ti dá a lábàá pé kí wọ́n máa fi irú èérún yìí pa tanwíjì, kí ẹ̀fọn lè dín kù; èérún tí wọ́n fi èèpo kòkó ṣe ní 2016 wà lára èyí tí wọ́n fi dán an wò. Ibi tí tanwíjì bá ń gbé, ohun mìíràn ń gbé ibẹ̀. Ní tèmi, kí wọ́n fi Adágún 222 sọ́kàn kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìgò kankan lọ sétí odò.

Ara èèyàn ńkọ́? Ìyá Rísì ní ẹnì kan ti wá bá òun pẹ̀lú omi fàdákà kan pé kóun máa pò ó mọ́ ọṣẹ, pé àwọn mìíràn tilẹ̀ ń mu ún. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n má mu ún. Fàdákà kì í fẹ́ jáde kúrò lára bó bá ti wọ̀ ọ́ púpọ̀. Ó máa ń sùn sínú awọ ara, oòrùn á sì sọ ọ́ di àwọ̀ aró tó pò mọ́ eérú. Kì í ṣí. Ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà, Paul Karason, tó ń mu irú omi bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ní 2008 pẹ̀lú ojú tó ti di àwọ̀ aró pátápátá. Ní 1999, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kéde pé kò sí ẹ̀rí pé omi fàdákà tí wọ́n ń tà bí oògùn láìgba ìwé dókítà ń wo àìsàn kankan, kò sì sí ẹ̀rí pé kò léwu. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní tirẹ̀, sọ pé mìlígíráàmù 0.1 nínú lítà omi mímu kan kò ní ṣe èèyàn ní nǹkan, àti pé tí gbogbo fàdákà tó wọ ara ẹnì kan láti ìbí dé ikú kò bá ju gíráàmù 10 lọ, kò séwu. Ìgò tí kò sí ìwọ̀n lára rẹ̀, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ kò lè fi í wé ohun tí WHO sọ.

Fífi fàdákà sára kì í ṣe ohun tuntun, kì í sì í ṣe ohun burúkú. Ìpara fàdákà tí wọ́n ń fi pa ojú egbò iná ní ilé ìwòsàn ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Nítorí ìyẹn gan-an ni kò fi yẹ ká máa fi í ṣeré. Ní 1975, àwọn dókítà ní Boston kọ ìwé nípa kòkòrò Salmonella kan tó wọ yàrá àwọn tí iná jó. Silver nitrate tí wọ́n ń fi wẹ ojú egbò kò ran kòkòrò náà mọ́. Mẹ́ta kú nínú àwọn aláìsàn náà, wọ́n sì ti yàrá yẹn pa. Nígbà tó yá, wọ́n rí apilẹ̀ àbùdá tí kòkòrò náà fi ń lé fàdákà jáde kúrò lára rẹ̀, ó sì lè fún kòkòrò mìíràn. Tí a bá wá ń fi fàdákà sí ọṣẹ, sí ìbọ̀sẹ̀, sí ògiri pálọ̀, a ń kọ́ kòkòrò ilé ní ohun tí ilé ìwòsàn kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Fàdákà ni mo ti ń sọ̀rọ̀ lé lórí, torí òun ni wọ́n ń lò jù. Èérún wúrà kì í yòrò bẹ́ẹ̀, oró rẹ̀ sì kéré. Bàbà àti síǹkì ń yòrò, wọ́n sì lè ṣe ohun alààyè inú omi ní jàǹbá bíi ti fàdákà. Oró irin rọlẹ̀ ju ti fàdákà lọ. Wọ́n ti fi omi ewé tíì ṣe èérún irin tí wọ́n fẹ́ fi máa nu kẹ́míkà kúrò nínú ilẹ̀.

Tí wọ́n bá wá gbé agolo ọ̀dà náà dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ béèrè ìwọ̀n fàdákà inú rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti gbé ògiri rẹ̀ sínú òjò, kí wọ́n sì sọ iye tó ṣàn bọ́. Yàrá ilé ìwòsàn tí wọ́n ń fi aṣọ tútù nù lè jàǹfààní rẹ̀, ẹ kùn ún níbẹ̀ tí ẹ̀rí bá wà. Ara ilé níta, tí òjò ń rọ̀ sí, èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀.

Omi tí ẹ fi fọ búrọ́ọ̀ṣì náà tún wà níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ìwé ìròyìn nu búrọ́ọ̀ṣì gbẹ, ẹ fọ̀ ọ́ nínú korobá kan ṣoṣo, ẹ jẹ́ kí ọ̀dà ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbẹ kí ẹ tó kó o dànù pẹ̀lú pàǹtí, ẹ má dà á sí gọ́tà. Ní láàbù tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, wọn kì í da silver nitrate tó ṣẹ́kù nù rárá. Wọ́n á bu iyọ̀ ọbẹ̀ sí i, fàdákà inú rẹ̀ á dì, á funfun bí ògì, á sì rọ̀ sísàlẹ̀ ìgò. Wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á gbé e pamọ́ kúrò nínú oòrùn, torí oòrùn máa ń sọ ọ́ dúdú, títí á fi pọ̀ tó láti kó fún àwọn tó ń yọ fàdákà inú rẹ̀ padà.